Orin Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ìyá Mi

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé ìparí láìfara ti nǹkan kan, èmi ni wọ́n máa ń fi síwájú pátápátá láàárín akọrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohùn mi mọ́ nígbà yẹn, ó sì ga. Bí mo bá ya ẹnu, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ mi, kò sì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan. Tọ́pẹ́, sún fóònù yẹn mọ́ mi díẹ̀. Ṣé ó ti ń gbà á? Ó dáa.

Ẹ ní kí n sọ orin ìdílé wa fún yín. Ẹ ní ìgbìmọ̀ ìkórè ti ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orin tirẹ̀ wá, kí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú pátákó tó ń tàn yẹn, kí ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sì ti mọ̀ ọ́n kó tó di Sọ́ńdè. Ẹ sì ti lọ wo inú ìwé mi, àbí ẹ ò wò ó? Ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn. Ẹ rí i pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Orin ìdílé wa," mo sì kọ nọ́ńbà orin ìwé kan síwájú rẹ̀. Ni ẹ bá ní kí n wá kọ ọ́ fún yín kí ẹ gbọ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ láyé àtijọ́.

Ẹ gbọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ nǹkan ilé yìí sínú ìwé náà. Ọjọ́ tí wọ́n bí kálukú, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ tí kì í bá a lára mu. Bí ẹ bá bi mí irú pákó tí bàbá mi fi kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí mi sí, ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi. Mo máa ń bi èèyàn mẹ́ta kí n tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà nínú ìwé yẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà orin yẹn ni.

Kì í ṣe orin wa. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tún tì mí lójú jù kí ẹ jó lọ síwájú Olúwa lórí irọ́ tí mo pa.

Ẹ ò mọ ìyá mi. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọmọ ilé Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Ràmátù ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá mi, káfíńtà ni, ará Ọ̀ṣun, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìkòròdú. Òun ló kan àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà yẹn, àga onípákó, kì í ṣe oníke tí ẹ ń jókòó sí báyìí. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ ẹ, ó di onígbàgbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Rúùtù. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ò ta á nù o. Bí wọ́n bá pa ẹran Iléyá, tiwa á dé. Bí a bá se ìrẹsì Kérésì, tiwọn á lọ. Ẹja ló ń yan. Ẹja ni wọ́n ń yan nílé wọn, ẹja náà ló ń yan ní Ìkòròdú. Ẹ̀yìnkùlé wa kì í wà láìsí èéfín. Èéfín yẹn ti wọ ohùn rẹ̀ pátá. Ohùn rẹ̀ ha. Bí ó bá ń kọrin, á fà á, á yí i lọ́nà ọ̀fun bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe máa ń kọ orin ààwẹ̀ wọn. Orin Jésù ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ló ti ń dún.

Ó sì fẹ́ràn orin! Áà. Kò mọ ìwé. Bàbá mi gbìyànjú títí láti kọ́ ọ, kò wọ̀ ọ́ lórí. Á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ń fojú ka Bíbélì, èmi ń fi ọ̀fun ka tèmi." Bí ó bá ń to ẹja sórí irin, orin ni. Bí ó bá ń nu imú wa, orin ni. Nígbà tí àbúrò mi Sámú ní ìgbóná, tí a ò mọ̀ bóyá ó máa yè, orin náà ló ń kọ, omijé ń bọ́, orin ń bọ́. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló ń dùn mọ́ yín?" Ó ní, "Bí mi ò bá kọrin, kí ni màá fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Orin ni mo ní."

Orin kan wá wà tó jẹ́ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Nígbà tí oyún mi wà nínú rẹ̀, ó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun àti apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀. Ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Apẹja kan ló fi ọwọ́ kan apá rẹ̀ lábẹ́ omi, ló fà á jáde. Ìyá mi ní òótọ́ ni, apẹja ni, ṣùgbọ́n ta ló darí ọwọ́ apẹja sí apá òun nínú omi tó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀? Ó wá ṣe orin sí i. Òun á lé e, àwa á gbè é:

"Ọ̀sà gbé mi, kò rí mi gbé mì."
"Jésù di apá mi mú."
"Omi dé ọrùn, orúkọ kan ló kù lẹ́nu."
"Jésù di apá mi mú."
"Àbẹ̀kẹ́ wà níkùn, kò gbọ́ ariwo omi."
"Jésù di apá mi mú."

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo ọmọ tó bí lẹ́yìn mi ló fi ìlà kan kún un fún. Ọmọ dé, ìlà dé. Bí ó ṣe ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ nìyẹn, obìnrin tí kò mọ̀wé. Ìwé aláwọ̀ búlúù tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìkórè ṣe rí nígbà yẹn, torí ẹ ò ní mọ̀. Wọn á máa pe ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí wọ́n bá pe yín, ẹ ó kó ara yín jọ sẹ́nu ọ̀nà. Dùùrù á dákẹ́. Kò sí ohun èlò kankan, ẹnu ìyá ilé ni orin á ti wá. Òun á dá a, àwọn ọmọ á gbè é, àtẹ́wọ́ nìkan ni ìlù, ẹ ó sì jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìdílé tó ń bẹ nítòsí yín mọ orin yín, ẹ̀yin náà mọ tiwọn. Lónìí ńkọ́? Kíbọ́ọ̀dù kan ló ń kọ orin gbogbo ilé, gbogbo ilé sì ń dún bákan náà.

Láti kékeré ni mo ti ń gbè é. Mo máa ń fò sókè. Kò sí ọjọ́ tí mo fẹ́ràn tó ọjọ́ ìkórè.

Ṣùgbọ́n mo wọ ẹgbẹ́ akọrin. Mo mọ dò-rè-mí. Mo ń ka orin lójú ìwé. Mo wá ń gbọ́ ohùn ìyá mi lọ́nà mìíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ń gbọ́ ọ. Wúràọlá, ọ̀rẹ́ mi, aláwàdà ni, kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìyá ẹ tún fẹ́ pe ìrun fún wa lọ́dún yìí? Ẹ bá mi gbé bùtá wá kí n ṣe àlùwàlá!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín ìyá mi.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlélógún, bàbá yín àgbà ti wá tọrọ mi. Ilé onígbàgbọ́ ìran mẹ́ta ni wọ́n, ní Rẹ́mọ. Bàbá rẹ̀ ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìkórè, kí wọ́n lè rí ilé tí ìyàwó ti ń bọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń rò ó pé, wọ́n á gbọ́ ohùn yẹn. Wọ́n á ní, irú àwọn wo rèé?

Ọjọ́ tí a fi orin dánra wò, mo lọ bá ọ̀gá akọrin wa, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, òun ló ń tẹ dùùrù. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí wọ́n bá ti pe ìdílé wa, kí ẹ má dúró. Kí ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ orin ìwé."

Ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ sí i?"

Mo ní, "Ó gbọ́, sà. Òun ló rán mi."

Ṣé ẹ rí i? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Mi ò tiẹ̀ kọsẹ̀ lẹ́nu.

Ọjọ́ pé. Àwọn àna mi jókòó sí ìlà kejì, fìlà wọn dúró ṣánṣán. Wọ́n pe ìdílé wa. Èmi kò lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró láàárín akọrin, mo ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ló dá mi dúró. Ìyá mi wọ ìró àlàárì tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n ìkórè wa lérí. Ó ń wá mi kiri, mo rí i pé ó ń wá mi. Nígbà tí kò rí mi, ó dá orin náà. Ó ní, "Ọ̀sà gbé..."

Dùùrù dún.

Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀dọ̀ dùùrù, ó wo ọ̀dọ̀ akọrin. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu rẹ̀ dé, jẹ́jẹ́. Àwa akọrin ti gba orin ìwé yẹn, ohùn mi ló sì ga jù lọ níbẹ̀. Ohùn mi tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn yẹn, ohun tí mo fi ṣe nìyẹn. Ìyá mi jó wá síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣìnà, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá ọkọ mi pè mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìyá tó fẹ́ dá orin kan, tí dùùrù gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ṣé ìyá rẹ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Àwọn ìyá tiwa náà máa ń dá orin bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbé ara mi sílẹ̀ láti gbọ́ ọ ni." Ilẹ̀ kò lanu. Ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ń tú gèlè rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀n, mà."

"Dùùrù yẹn dùn o."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà mi.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún Tíṣà?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa." Ó ká gèlè náà, ó fi í sínú àpótí. Kò bi mí mọ́ títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò kọ orin náà mọ́ nílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kàn máa mi ètè. Bí wọ́n bá pe ìdílé wa, dùùrù á bẹ̀rẹ̀ orin ìwé, àṣà ti dé nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ló dé sí i, pé orin ti sú u. Mo bí Kọ́lá, mo bí Bísí, mo bí Fúnmi tó jẹ́ ìyá yín. Ìlà kankan kò dé. Mo ní ó ti gbàgbé.

Oṣooṣù ló máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ní ẹja ló ń lọ rà.

Ó kú. A sin ín dáadáa. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ra ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn, mo sì ní màá lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Àǹtí Músílí, kí n lọ béèrè àwọn orúkọ tí mi ò mọ̀. Mo wọ mọ́tò. Nígbà tí àwọn tó ń lọ sí Agbọ̀wà sọ̀ kalẹ̀, mo rí àyè tẹ́ ìwé mi sórí itan, mo ń to àwọn ìbéèrè mi lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ baba baba wọn. Orúkọ àwọn tó kú ní kékeré. Ìbéèrè mi pé méjìlá.

Àǹtí dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Ó ń fi abẹ́bẹ́ fẹ́ná, ẹja ń gbẹ lórí irin. Mo ti fẹ́ pa ìwé mi dé, ni ó bá ní, "O ò béèrè orin."

Mo ní, "Orin wo, Àǹtí? Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti jáwọ́ nínú orin."

Ó dáwọ́ abẹ́bẹ́ dúró. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹ̀gbọ́n mi? Ó jáwọ́ nínú orin? Àpótí tí ìdí ẹ wà lórí ẹ̀ yẹn ló máa ń jókòó sí. Kò tíì ní mu omi tán tí á ti ní, 'Músílí, ó yá, gbè mí.'"

Mo ní, "Ẹ̀yin? Ẹ ń gbe orin Jésù?"

Ó ní, "Kí ni kí n ṣe? Àwọn tó bí, tó ní kí wọ́n máa gbè é, wọn ò gbè é. Màá kírun mi tán, màá wá jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọrin, èmi ni mo ń gbè é. Ọlọ́run mọ ohun tí mo ń ṣe."

Mo bi í pé, "Ṣé ó sọ fún yín ìdí tí kò fi kọ ọ́ nílé mọ́?"

Ó ní, "Ó ní, 'Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ, mi ò fẹ́ kí ojú tì í.'" Ó tún mú abẹ́bẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò bú ẹ o. Èmi ni mo bú ẹ. Mo ti bú ẹ tán kí o tó dé."

Ẹ̀yin ọmọ... ó mọ̀. Ọjọ́ tí mo ní "Rárá, mà" yẹn, ó mọ̀. Ó gbé ìtìjú mi, ó fi ṣe tirẹ̀, ó wá ń wọ mọ́tò lọ sílé Mùsùlùmí kó lè ráyè yin Jésù. Èmi tó jẹ́ akọrin, èmi ni mo lé e jáde.

Àǹtí ní kí n gbè é, òun á dá a. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan náà ni, Ẹ̀pẹ́ kan náà, èéfín kan náà. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sunkún títí ẹja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ó lé e, ó gbè é fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé ìyá mi kò gbàgbé ọmọ mi kankan. Ó ní:

"Kọ́lá ń rá, ó ń rá lọ síbi ìmọ́lẹ̀."
"Jésù di apá mi mú."
"Bísí sunkún, ẹkún rẹ̀ ti di orin."
"Jésù di apá mi mú."

Mo ní, "Àǹtí, Fúnmi ńkọ́?"

Ó yí ẹja kan padà lórí irin. Ó tún yí òmíràn. Ó ní, "Ti Fúnmi wà létí mi, kò wá sẹ́nu. Nǹkan kan nípa òjò ni. Jẹ́ kí n wá a. Bí mo bá rántí rẹ̀, màá ránṣẹ́ sí ẹ."

Kò tíì ránṣẹ́ tó fi kú. Kò tó oṣù mẹ́ta sígbà náà. Tọ́pẹ́, Dàpọ̀, ìlà ìyá yín nìyẹn. Mi ò rí i. Nǹkan kan nípa òjò. Ká ní mo ti gbè é nígbà tó yẹ kí n gbè é, inú ilé yìí ni ìyá mi ì bá ti kọ ọ́ sí Fúnmi létí nígbà tó wà lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, mo mú bíírò láti kọ orin náà sílẹ̀. Mo rò ó pé àwọn ọmọ mi á bi mí ìdí tí a kì í fi í kọ ọ́. Mo kọ nọ́ńbà orin ìwé yẹn dípò rẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà wá, ẹ bá mi fa igi sí i lórí. Ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ jẹ́ kó hàn pé mo kọ ọ́.

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe. Kò sí ohùn tó ń ha mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo rẹ̀ ń dán. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìyá kan nítòsí yín tí ohùn rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ mu, ẹ má wò ó lójú burúkú. Ẹ ò mọ omi tí wọ́n ti fà á jáde nínú rẹ̀. Ọlọ́run kò ní kó lọ kọ́ dò-rè-mí kó tó dúpẹ́.

Kí lo wí, Dàpọ̀? Kíbọ́ọ̀dù? Sọ fún ọmọ náà pé bí wọ́n bá pe ìdílé wa ní Sọ́ńdè, kó káwọ́ lé itan. Èmi ni màá dá a. Mo mọ̀ pé ohùn mi ti ya. Mo rí ọ lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo gbé ohùn sókè, o yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí ọ. Mi ò bínú, èmi náà ti yíjú rí.

Màá kọ ti ọ̀sà, màá kọ tèmi, màá kọ ti Sámú àti ti gbogbo wọn. Bí mo bá dé ibi tó yẹ kí ìlà ìyá yín wà, màá dákẹ́ síbẹ̀, torí mi ò ní ọ̀rọ̀ tí màá fi síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo pátápátá. Bí ojú bá tì yín nítorí mi, kó tì yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbè mí.